Àyè òfo kan nínú ìwé Bàámi

Ẹ jókòó o, ẹ bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Ẹnì kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Báwo lo ṣe ń jókòó sí Ọ̀rányàn ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Ṣé iná wà níbẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dá a lóhùn ní ìlà kan, mo wá rí i pé ìlà kan ò ní tó. Ìdáhùn ẹ̀ gba ọ̀dọ̀ bàbá mi kọjá, ó gba pápá Adámásingbà kọjá, ó tún gba inú ìwé kan tí mo rí lẹ́yìn tí bàbá mi kú.

Torí náà, ó di gbogbo èyí.

Kóòdù ni mo ń kọ. Kì í ṣe ti àwọn áàpù tó rẹwà tẹ́ ẹ fi ń ya fọ́tò o. Apá ẹ̀yìn ni tèmi, ibi tí owó ti ń kúrò nínú àkáǹtì kan bọ́ sínú òmíràn. Tó bá ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo wà láyé. Tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, fóònù mi á máa ké bí ọmọ tuntun.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wà káàkiri. Ẹnì kan wà ní Èkó, ẹnì kan wà ní Nàìróbì, ọ̀gá mi wà ní Jámánì. A ò tíì fojú kan ara wa rí. Èmi wà ní Ọ̀rányàn, nínú agboolé wa, ìrìn díẹ̀ sí Bẹẹrẹ. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, tẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí àwọn páànù tó ti dípẹtà lọ súà. Ọ̀kan nínú wọn ni tiwa. Ẹ má bi mí pé èwo.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọjọ́ kan fún yín.

Aago márùn-ún àárọ̀, ìpè ìrun. Tí wọ́n bá kírun tán, oorun ti parí nìyẹn, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lẹ́yìn ilé á ti bẹ̀rẹ̀. Aago méje, Ìyá Àgbà á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n á sì máa béèrè ìyá kálukú lọ́wọ́ ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án, mo máa tan láptọ́ọ̀pù. Aago mẹ́wàá, mítìǹ. Gbogbo àwọn tó wà lórí mítìǹ yẹn ló ti mọ ohùn ewúrẹ́ wa. Ọ̀gá mi ti bi mí rí pé kí lorúkọ ẹ̀.

Láàárín mítìǹ náà ni àǹtí mi á kanlẹ̀kùn. "Jọ̀ọ́, bá mi wo fóònù yìí, WhatsApp ò lọ." Mo máa ní mo ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní, "Ṣebí o jókòó." Lágboolé wa, ẹni tó jókòó ò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ni èyí téèyàn ṣe tán tí aṣọ ẹ̀ dọ̀tí.

Aṣọ Bàámi máa ń dọ̀tí. Mẹkáníìkì ni wọ́n.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nínú gbogbo ilé, àwọn nìkan ni iṣẹ́ mi yé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Tó bá bàjẹ́, báwo lo ṣe ń mọ ibi tó ti bàjẹ́?" Mo ní ẹ̀rọ náà máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sínú fáìlì kan, èmi á wá máa kà á ní ìlà-ìlà títí màá fi dé ibi tó ti ṣìwà hù. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó yé mi. Ìwọ ń kà á, èmi ń gbọ́ ọ. Iṣẹ́ kan náà ni."

Òótọ́ ni. Bàámi lè dúró ti mọ́tò kan, kí wọ́n dijú, kí wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì sọ fún yín pé plọ́ọ̀gì kẹta ni. Wọn ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì o.

Nígbà kan, àwọn kan dá mi dúró lójú títì torí pé mo gbé báàgì láptọ́ọ̀pù. Wọ́n ní Yahoo ni mí. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n gba fóònù, wọ́n ní kí n ṣí i, wọ́n ní kí n pe ẹni tó máa wá gbà mí. Bàámi ló wá, pẹ̀lú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ méjèèjì. Wọn ò bínú, wọn ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe, mo lè ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ jókòó." Wọ́n sì ṣàlàyé ẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú plọ́ọ̀gì àti kábúrétọ̀, fún bíi ìdajì wákàtí. Àwọn yẹn fi mí sílẹ̀. Bóyá ó yé wọn ni, bóyá ó sú wọn ni.

Bàbá tí mo ń sọ nípa ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Sootin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Arsenal àti Chelsea nìkan, ẹ má bínú, mo fẹ́ mú yín padà sílé díẹ̀.

Shooting Stars, 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn. Lẹ́nu àwọn àgbà wa, Sootin ni. Ní 1976, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ IICC Shooting Stars, wọ́n gba Cup Winners' Cup ti ilẹ̀ Áfíríkà. Tonnerre Yaoundé ti Kamẹrúùnù ni wọ́n nà, góòlù mẹ́rin sí méjì, téèyàn bá pa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàámi nígbà yẹn. Rédíò kan ṣoṣo ló wà lágboolé, wọ́n gbé e sójú fèrèsé, gbogbo èèyàn sì dúró sójúde.

Ní oṣù Kẹta 1980, Nàìjíríà na Algeria 3–0 ní Èkó, a sì gba Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan. Ọmọ Sootin làwọn méjèèjì. Bàámi kì í sọ pé Nàìjíríà ló gba ife yẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ìbàdàn ló gbà á. A kàn yá Nàìjíríà ni."

Muda Lawal ni ààyò wọn. Wọ́n ní mẹkáníìkì lòun náà kí bọ́ọ̀lù tó mú un lọ. Fọ́tò ẹ̀ tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ọ́ìlì ti bo apá kan ojú ẹ̀. Ó kú ní 1991. Ràṣídì Yẹkíní náà gba Sootin kọjá kó tó di ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá ní Ife Àgbáyé, ní 1994. Nígbà tóun náà kú ní 2012, ní Ìbàdàn níbí, Bàámi ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọjọ́ kan gbáko. Oníbàárà kan bínú. Wọ́n ní kó lọ gbé mọ́tò ẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ayọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Ní 1992, CAF bẹ̀rẹ̀ ife tuntun kan tí wọ́n pè ní CAF Cup, Sootin ló sì kọ́kọ́ gbà á. Ọ̀mì ni wọ́n gbá pẹ̀lú SC Villa ní Uganda, wọ́n wá nà wọ́n 3–0 ní Ìbàdàn. Ẹ̀dùn náà wà níbẹ̀. Ní 1984, Sootin dé àṣekágbá ife tó ga jù ní Áfíríkà, Zamalek ti Íjíbítì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1996, wọ́n tún dé àṣekágbá yẹn. Zamalek ni wọ́n tún bá pàdé. Ẹ rántí ọdún yẹn, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí Bàámi kọ́kọ́ mú mi lọ sí Adámásingbà, pápá Lékan Sàlámì. Ohun tí mo rántí ni ẹ̀pà sísè, ìlù, àti àwọn bàbá àgbà tí wọ́n ń bú kóòṣì bí ẹni pé ọmọ wọn ni. Mo sùn lọ́rùn Bàámi kí wọ́n tó fọn fèrè ìparí.

Òfin kan ni wọ́n ní: a kì í kúrò kí wọ́n tó fọn fèrè. Bí òjò ń rọ̀, a dúró. Bí wọ́n nà wá mẹ́ta, a dúró. Nígbà tí Sootin já kúrò ní líìgì àgbà ní 2017, Bàámi ò ṣíwọ́ lílọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó já ló nílò èèyàn. A padà gòkè ní 2021. Èmi àti wọn jọ fẹsẹ̀ rìn láti Adámásingbà dé ilé lọ́jọ́ tá a gbọ́ ọ, kò sí ìdí kankan, ó kàn wù wá bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ríṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí.

Ní oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bẹntiróòlù fò láti nǹkan bíi 200 náírà sí nǹkan bíi 500, kò sì dúró síbẹ̀. Lójú èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, wàhálà ni. Mo tọ́jú owó oṣù mélòó kan, mo ra ínfátà kékeré àti páálí sólà méjì, ó tán. Ti Bàámi ló le. Àwọn oníbàárà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò sílé, wọ́n ń wọ máíkírà. Mọ́tò tí kò jáde kì í bàjẹ́. Mọ́tò tí kò bá sì bàjẹ́, mẹkáníìkì ò ní jẹun.

Díẹ̀díẹ̀, owó mi di owó ilé. Owó ilé ìwé àbúrò mi obìnrin ní Pólì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàámi. Oúnjẹ. Owó iná. Kò sẹ́ni tó pè mí jókòó pé, "Ọwọ́ ẹ ni gbogbo ẹ̀ wà o." Mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni, mo rí i pé kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bà ẹ́ lẹ́rù. Níbi iṣẹ́ wa, ọ̀sán Sunday la máa ń gbé kóòdù tuntun jáde, torí ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn kì í lo áàpù náà púpọ̀. Sootin náà, tó bá jẹ́ ilé ni wọ́n ti ń gbá a, ọ̀sán Sunday ni, aago mẹ́rin.

Bàámi á yọjú sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, fìlà lórí, rédíò kékeré lápò.

"Ṣé à ń lọ?"

"Bàámi, iṣẹ́ wà o."

"Ó dáa. Kú iṣẹ́."

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Wọn ò bínú rí. Ká ní wọ́n bínú ni, bóyá mi ò bá ti dìde.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ kẹ́yìn, mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n dé, mi ò bi wọ́n pé kí lèsì. Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ẹ̀, Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kan tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. A ò tíì dé ilé ìwòsàn tí wọ́n fi lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti sin wọ́n sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá tiwọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ló gbẹ́ ilẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn.

Níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n lo ọjọ́ márùn-ún. Sunday yẹn, aago méje àárọ̀, mo ti ṣí láptọ́ọ̀pù. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tá a sin Bàámi.

Mo mọ bó ṣe máa rí lójú yín. Àmọ́ ẹ wò ó, ilé kún. Èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde, ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Gbogbo àgbà tó bá wọlé á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Mọ́kàn le o, ìwọ ni bàbá báyìí." Èmi? Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí. Ìyá Àgbà ń pe orúkọ ọmọ wọn láàárín òru. Màámi jókòó sínú yàrá, wọ́n ti wọ opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé yẹn, kóòdù nìkan ni kò sọ fún mi pé kí n mọ́kàn le.

Mo kọ kóòdù tó dáa jù láyé mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ń tì mí lójú títí dòní.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí a ṣe fìdáù tán, tí a ti kó àga àti ìkòkò tí a háyà padà, àbúrò mi wá bá mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì sunkún."

"Mò ń sunkún ní tèmi."

"Níbo?"

Mi ò rí ìdáhùn fún un.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Màámi gbé páálí kan fún mi. Wọ́n ní, "Ìwé mọ́tò bàbá ẹ nìyí. Wò ó bóyá ẹni tó jẹ wọ́n lówó wà níbẹ̀." Ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ni, mọ́kànlá, wọ́n fi rọ́bà so wọ́n pọ̀. Lóòótọ́, mọ́tò ló wà níwájú: orúkọ oníbàárà, ohun tó bàjẹ́, iye owó. Ọ̀pọ̀ ló jẹ wọ́n lówó. Mo wá yí ìwé náà padà, mo ṣí i láti ẹ̀yìn.

Sootin ni.

Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n wò tàbí tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò, láti 1976. Ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi rúlà pín ojú ìwé sí márùn-ún: ọjọ́, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá, èsì, ẹni tí a jọ wò ó, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Láti ìwé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, wọn ò yí ètò náà padà rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ni kò lè tọ́jú dátà báyìí fún ọdún márùn-ún. Báírò ni Bàámi lò.

Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ló pa mí. "Òjò. A dúró." "Réfìrì ò rí nǹkan." "Ọmọ sùn lọ́rùn mi."

Mo pinnu pé màá tẹ gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ìdí gidi. Bóyá mo kàn ń wá ohun tí màá máa ṣe tó jọ iṣẹ́, tí kì í ṣe iṣẹ́. Lálaalẹ́, tí mítìǹ bá parí, tí ilé bá dákẹ́, mo máa tẹ ìlà márùndínlọ́gbọ̀n. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo wá kọ prógírámù kékeré kan tó máa ka gbogbo ẹ̀ pọ̀: iye ìgbà tá a borí, iye ìgbà tí wọ́n nà wá, iye ọ̀mì.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ó ní ìlà kan wà tí kò ní èsì.

Mo rò pé èmi ni mo fò ó. Mo padà sínú ìwé. 1996. Ìlà kan ní, Zamalek, Ìbàdàn, 2–1, a borí. Ìlà tó tẹ̀ lé e ní, Zamalek, Cairo, rédíò, gbogbo agboolé. Níbi tó yẹ kí èsì wà, òfo. Kì í ṣe pé omi dà sí i, kì í ṣe pé báírò tán. Wọ́n dìídì fi àyè sílẹ̀ ni.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò sì pamọ́. Zamalek náà gbá 2–1 nílé wọn, ó di dọ́gba, wọ́n lọ sí pẹnáritì, Zamalek gbà á 5–4. Ìgbà kejì nìyẹn tí wọ́n máa gba ife yẹn mọ́ wa lọ́wọ́. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìka mi ti wà lórí 5. Mo dúró.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀rẹ́ Bàámi kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò. Mo fi ojú ìwé náà hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ojú wọn fi kún fún omi. Wọ́n ní, "Ṣé kò kọ ọ́ di ọjọ́ tó kú? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní òun ò lè fọwọ́ òun kọ ọ́. Ó ní kí òun fi àyè sílẹ̀ ná. Lọ́dọọdún ni mo máa ń bi í pé, 'Ṣé o ti kọ ọ́?' Á ní, 'Kò tíì yá.'"

Mo padà sílé, mo tún prógírámù náà ṣe. Tó bá ti pàdé àyè òfo, kó má kọ̀ mọ́, kó má sì fi ohunkóhun dí i. Kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìlà méjì ni.

Èmi náà ní àyè kan. Fọ́ọ̀mù kan wà níbi iṣẹ́ wa tí a máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣe wá. Nọ́ńbà Bàámi ló wà nínú tèmi. Wọ́n ti rán mi létí ẹ̀ẹ̀mẹta pé kí n fi tẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀. Kò tíì yá.

Nígbà tí prógírámù náà ṣiṣẹ́ tán, mo ní kó ka ibi kẹrin fún mi, ẹni tí a jọ wò ó. "Ọmọ", ìyẹn èmi, ìgbà 118. "Èmi nìkan", ìgbà 31. Nínú 31 yẹn, mẹ́rin péré ló ṣáájú ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Mo ṣí ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé kẹ́yìn. Ọjọ́ tí mi ò gbójú sókè. Wọ́n kọ ọ́ pé, "Èmi nìkan. Iṣẹ́ ọmọ pọ̀. Mo jókòó síbi tí a máa ń jókòó."

Ibẹ̀ ni. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi: mi ò ní lè máa ṣiṣẹ́ ọ̀sán Sunday mọ́, láti aago mẹ́ta sí méje, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ti ṣírò iye oṣù tí owó tó wà nílẹ̀ lè gbé ilé tí wọ́n bá dá mi dúró. Mo fi ránṣẹ́, mo yí fóònù dojú bolẹ̀.

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà. "Kò burú. A ó gbé e sí Tuesday."

Ìlà kan. Ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Bàámi dá lọ, nítorí ìlà kan tí mi ò kọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló máa gbà. Ẹlòmíràn á lé ẹ, á sì fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹ lọ́jọ́ kejì, mo mọ ìlú tá a wà. Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe irọ́, ẹnu tí mò ń bọ́ kì í ṣe irọ́. Àmọ́ mi ò bèèrè rí. Èmi fúnra mi ni mo bá wọn dáhùn pé rárá, nínú orí ara mi, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá máa mú ohun kan nínú gbogbo àlàyé yìí, ẹ mú ìyẹn.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e tí Sootin gbá a nílé, èmi àti àbúrò mi wọ máíkírà ní Bẹẹrẹ. Màámi ò lè jáde, opó ò tíì pé. A jókòó síbi tí a máa ń jókòó. Bàbá kan tó wà níwájú wa yíjú padà, ó ní, "Bàbá yín dà? Mi ò rí i lẹ́ẹ̀mẹta yìí." Àbúrò mi ló sọ fún un. Ó bọ́ fìlà, kò sọ nǹkan kan. Ó ra ẹ̀pà, ó na ìdajì sí wa.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku bíi ogún ìṣẹ́jú. Àbúrò mi ní, "Ṣé ká máa lọ?" Mo wò ó. Ó ní, "Ó dáa, ó dáa." Ọ̀mì la gbá.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tá a dé Ọ̀rányàn. Kò síná. Ìyá Àgbà ti sùn. A ò tíì bọ́ bàtà tí Màámi fi pè mí láti inú yàrá. Obìnrin tó ti bú bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Wọ́n ní, "Kí lèsì?"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ta ló gbá a wọlé fún wa. Mo sọ. Wọ́n ní ṣé réfìrì ò ṣèbàjẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo tan ínfátà, mo mú ìwé kẹ́yìn jáde, mo wá báírò. Lábẹ́ ìlà Bàámi, mo kọ ọjọ́, mo kọ ẹgbẹ́ tá a bá gbá, mo kọ èsì. Níbi kẹrin: "Èmi àti àbúrò mi." Níbi karùn-ún: "Òjò. A dúró."

Nítorí náà, ìwọ tó o bi mí ní ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni, iná wà l'Ọ̀rányàn. Ó máa ń wá, ó máa ń lọ. A ń bá a yí i bẹ́ẹ̀ náà ni.

 Ẹni tí bàbá ẹ̀ bá ṣì wà láyé, kó lọ bi wọ́n pé kí lèsì.

Up Sootin.